Ooru ń lé àwọn ará Ṣàngó n'Ìbàdàn jáde nínú iyàrá: Òrùlé àti fèrèsé ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó ra ẹ̀rọ amúlétutù

Bí oṣù kejì ọdún bá ti wọlé ní ìlú Ìbàdàn, tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí òjò kò sì tí ì bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ará Ṣàngó, Mọ́kọ́lá, Sámọ́ńdà àti Ìjòkòdó máa ń bára wọn sọ: ooru. Ìyá tó ń tajà lọ́jà Ṣàngó, akẹ́kọ̀ọ́ Pólì tó ń múra ìdánwò, awakọ̀ tó ti jókòó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀, gbogbo wọn ló ń darí sílé lálẹ́, tí wọ́n sì ń bá iyàrá tó gbóná ju ìta lọ. Àwọn mìíràn á gbé ẹní jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn mìíràn á bu omi sílẹ̀ iyàrá kí wọ́n tó lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Ègbesì á bo àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lára, àgbàlagbà á sì máa ṣọ́ òru títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àìfaradà lásán ni ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí ìdíje ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ń parí lọ ní orílẹ̀-èdè Ivory Coast, ooru náà pọ̀ débi pé wọ́n ní láti máa dá eré dúró kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè mu omi. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ World Weather Attribution yẹ ooru ọ̀sẹ̀ náà wò, wọ́n sì gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní oṣù kẹta ọdún kan náà. Wọ́n ní bí a bá pa ooru àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ pọ̀, ohun tí ara ọmọ ènìyàn ń rí ní ìhà gúúsù Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó nǹkan bíi 50°C. Wọ́n tún ní ìyípadà ojú ọjọ́ tí èéfín epo àti èédú ń fà ti fi nǹkan bíi 4°C kún un, ó sì ti sọ irú ooru bẹ́ẹ̀ di ohun tó lè wáyé ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ti àtijọ́ lọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé ooru tí àwọn bàbá wa mọ̀ kọ́ ni èyí tí à ń bá fínra lónìí, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọn ọmọ wa yóò bá pàdé lè ju báyìí lọ.

Ohun tó wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹtì ni owó. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kéde pé àwọn oníbàárà tó wà ní ìpele A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, yóò máa san 225 náírà lórí yúníìtì kan. Kó tó di ìgbà náà, nǹkan bíi 68 náírà ni wọ́n ń san. Wọ́n dín in kù díẹ̀ ní oṣù karùn-ún, nígbà tó sì di oṣù keje ó dúró sí 209 náírà àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Kì í ṣe gbogbo ojúlé ní Ṣàngó ló wà ní ìpele kan náà, nítorí wáyà tó gbé iná wọ àdúgbò ló ń pinnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí iná rẹ̀ pọ̀ ń sanwó gọbọi, ẹni tí tirẹ̀ kò pọ̀ sì ń sá di jẹnẹrétọ̀. Epo bẹntiróòlù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu kò sì tó 200 náírà ní jálá kan kí ìjọba àpapọ̀ tó yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù tí agbára rẹ̀ jẹ́ họ́ọ̀sì kan àbọ̀ máa ń fa nǹkan bíi 1,100 wáàtì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi. Bí ó bá ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ lóru, yúníìtì 8.8 ni yóò jẹ. Ní iye owó oṣù keje ọdún 2024, èyí jẹ́ nǹkan bíi 1,840 náírà lóru kan, àti nǹkan bíi 55,000 náírà lóṣù, láì tí ì ka owó orí mọ́ ọn. Ní oṣù keje ọdún 2024 yìí kan náà ni wọ́n buwọ́ lu òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di 70,000 náírà. Lódì kejì, fáànù tó ń fa 70 wáàtì kò ní jẹ ju 117 náírà lọ láàárín wákàtí mẹ́jọ náà, ìyẹn nǹkan bíi 3,500 náírà lóṣù.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ amúlétutù máa ń sinmi díẹ̀ nígbà tí iyàrá bá ti tutù, owó náà yóò sì dín kù nípa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Nínú iyàrá tí ògiri àti òrùlé rẹ̀ ti ń gba oòrùn sára láti àárọ̀, ẹ̀rọ náà kì í rí àyè sinmi. Bí ó ṣe ń lé ooru jáde ni ògiri ń tú òmíràn sílẹ̀. Ẹni tó ra ẹ̀rọ sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn àgbà sì ti wí pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ilé gan-an ni ẹ̀tẹ̀. Àìní ẹ̀rọ ni làpálàpá.

Láti ibo ni ooru ti ń wọlé? Ìbàdàn kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì. Ìwọ̀n méje àti díẹ̀ ni ó fi wà ní àríwá rẹ̀. Nítorí náà, ní ọ̀sán gangan láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, àtàrí ni oòrùn máa ń dúró lé wa. Òrùlé ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn òrùlé, ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn ni yóò gba ti àárọ̀, èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ni yóò sì gba ti ìrọ̀lẹ́, nítorí oòrùn ti rẹlẹ̀ nígbà náà, ìgbátí òrùlé kò sì lè dí i. Ògiri àríwá àti ti gúúsù ni ìyà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ. Ìdí nìyí tí ilé tí a fi ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ kọ sí àríwá àti gúúsù fi máa ń tutù ju èyí tí a kọ́ ní ìdàkejì lọ, bí bulọ́ọ̀kù àti páànù wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Àwọn baba ńlá wa kò ka ìwé lórí èyí, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ ọ́n. Ògiri amọ̀ tó nípọn máa ń pẹ́ kí ooru tó là á kọjá. Koríko bẹẹrẹ tàbí ewé gbòdògì tí wọ́n fi bo ilé kì í jẹ́ kí oòrùn wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa ń ṣíji bo ògiri, agbàlá àárín agbo ilé sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná rí ọ̀nà gòkè lọ. Kì í ṣe ọgbọ́n òmùgọ̀ ló mú kí àwọn ará Ìbàdàn fi koríko sílẹ̀ o. Iná máa ń jó òrùlé koríko, òjò máa ń ba á jẹ́, ọdún díẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí páànù dé, ìlú náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé a gba páànù, a kò sì fi ohun kankan rọ́pò ohun tí koríko ń ṣe fún wa. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò lè dá ooru dúró. Bí kò bá sí àjà lábẹ́ rẹ̀, tààrà sórí ẹni tó wà nínú iyàrá ni yóò máa tú u sí.

Ti ògiri náà tún wà níbẹ̀. Bulọ́ọ̀kù tí a fi yanrìn àti sìmẹ́ǹtì mọ máa ń gba ooru mọ́ra ní gbogbo ọ̀sán, yóò sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ di òru. Ìdí rèé tí ìta fi máa ń tutù ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí inú ilé ṣì ń gbóná bí ààrò. Ooru ọ̀sán ló ń jáde ní òru. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbé e lọ ni afẹ́fẹ́ tó ń gba ojú kan wọlé, tó sì ń gba ojú kejì jáde.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà afẹ́fẹ́ gan-an ni àwọn ilé ìgbàlódé ti dí. Fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní lúfà, èyí tó wọ́pọ̀ láyé àtijọ́, máa ń ṣí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ojú rẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà. Èyí tó wọ́pọ̀ báyìí ni fèrèsé alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó lẹ́wà, kì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ènìyàn fà á tó, ìdajì péré ló lè ṣí. Onílé tó ra fèrèsé mítà kan ti sanwó mítà kan, ó sì rí atẹ́gùn ìdajì mítà gbà. Fèrèsé tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn kò ní irú àléébù yìí. Ní àwọn ilé tí iyàrá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ti kọjú síra wọn, tí wọ́n pọ̀ káàkiri àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ṣàngó dé Àpẹ̀tẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí fèrèsé kan ṣoṣo ni iyàrá kọ̀ọ̀kan ní. Bí atẹ́gùn tilẹ̀ wọlé, kò ní ibi tí yóò gbà jáde àfi tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Kò yẹ kí àwọn ará Ṣàngó rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ilé tó gbọ́n ju èyí lọ. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1948, tọkọtaya ayàwòrán ilé kan láti ìlú ọba, Maxwell Fry àti Jane Drew, ni wọ́n gbé iṣẹ́ ilé náà fún. Wọ́n kọ́ ilé tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí atẹ́gùn lè là á kọjá. Wọ́n fi ìgbátí àti báńkónì ṣíji bo ògiri. Wọ́n sì fi bulọ́ọ̀kù oníhò ṣe ojú ilé, kí atẹ́gùn lè wọlé kí oòrùn sì dúró síta. Ilé ìkàwé Kenneth Dike ṣì dúró níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ní ọdún 1956, àwọn méjèèjì kọ ìwé lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru tó ní ọ̀rinrin, ìwé tí àwọn ayàwòrán ilé lò káàkiri àgbáyé.

Ìyẹn tilẹ̀ ni ti òyìnbó. Ní Sámọ́ńdà tó fara kan Ṣàngó, ilé ìjọsìn àwọn Dominican tí Demas Nwoko yàwòrán rẹ̀ tí wọ́n sì kọ́ ní àwọn ọdún 1970 ṣì wà níbẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ló kọ́ ibùdó iṣẹ́ ọnà New Culture sórí òkè ní Mọ́kọ́lá, pẹ̀lú bulọ́ọ̀kù tí ó fi yangí àti sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ṣe. Ilé rẹ̀ máa ń lo ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn tí Ọlọ́run fi fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2023, àwọn tó ń ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì, fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ohun tí àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ń yìn, ẹnu ọ̀nà wa ló wà, àwọn tó ń kọ́ ilé tuntun kò sì yà wò ó.

Ilẹ̀ mìíràn ti ń jàǹfààní irú ọgbọ́n yìí. Ní abúlé Gando, ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, Francis Kéré parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ọdún 2001. Bíríkì amọ̀ ni ó fi kọ́ ọ, ó sì fi páànù bò ó. Ṣùgbọ́n ó gbé páànù náà sókè kúrò lórí àjà, kí atẹ́gùn lè máa gba àárín méjèèjì kọjá kó sì gbé ooru lọ. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò lo ẹ̀rọ amúlétutù. Ní ọdún 2022, Kéré di ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìlú Ahmedabad ní ilẹ̀ Íńdíà, lẹ́yìn tí ooru ọdún 2010 ti gba ẹ̀mí ènìyàn tó lé ní 1,300, ìjọba ìlú náà gbé ètò kan kalẹ̀ ní ọdún 2013 láti fi kojú ooru. Lára ohun tí wọ́n ṣe nígbà tó yá ni pé wọ́n kun òrùlé àwọn tálákà ní funfun, kí oòrùn lè ta padà.

Kí wá ni ẹni tó ní ilé ní Ṣàngó lè ṣe láì wó ilé rẹ̀? Àkọ́kọ́ ni àjà. Ilé tí kò bá ní àjà, kí onílé fi í sí i kó tó ronú ẹ̀rọ kankan, kó sì fi ihò atẹ́gùn sí abẹ́ ìgbátí òrùlé, kí ooru tó wà láàárín páànù àti àjà lè jáde. Kí ó ta nẹ́ẹ̀tì sójú ihò náà, kí àdán àti ẹyẹ má baà sọ ibẹ̀ di ilé. Èkejì ni àwọ̀ òrùlé. Páànù tó ti dípẹtà àti èyí tó dúdú máa ń gba ooru ju èyí tó funfun lọ, síbẹ̀ òrùlé aláwọ̀ dúdú, pupa rúsúrúsú àti búlúù ló wà lóde báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ tún òrùlé ṣe, kó yan àwọ̀ tó mọ́lẹ̀; ẹni tí kò lágbára páànù tuntun, kó ra ọ̀dà funfun tó lè dúró lábẹ́ òjò. Ẹ̀kẹta ni ìbòòji síwájú fèrèsé ìwọ̀-oòrùn. Aṣọ fèrèsé wúlò, ṣùgbọ́n ìgbà tí oòrùn bá ti la gíláàsì kọjá, ó ti wọlé náà nìyẹn. Ìbòòji tó wà níta, ìbáà ṣe ti páànù, ti ẹní tàbí ti ewéko tó ń fà, ló ń dá a dúró kó tó dé.

Àyíká ilé pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ti di àṣà kí onílé da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo agbàlá, kó gé máńgòrò, kó wá gbin igi tó rí ṣóńṣó bí ọ̀pá, tí kò lè ṣíji bo ajá. Ilẹ̀ tí a da sìmẹ́ǹtì bò máa ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni omi kì í lè wọ inú rẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn kò ní gbàgbé ìkún omi ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2011 tó gba ẹ̀mí ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Igi kan tó ní ìbòòji, tí a gbìn sí ìwọ̀n tó jìnnà sí ìpìlẹ̀, yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì: yóò tu ilé lára, ilẹ̀ rẹ̀ yóò sì mu omi.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó kàn. Fáànù kì í mú iyàrá tutù. Ara ènìyàn ni ó ń tù nípa gbígbẹ òógùn. Nítorí náà, kí a pa á bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú iyàrá. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ amúlétutù, kó fi í sí 25 tàbí 26, kó sì tan fáànù mọ́ ọn. Fífi í sí 16 kì í jẹ́ kó tètè tutù. Ohun tó ń ṣe ni pé ẹ̀rọ kò ní sinmi. Kí a máa fọ asẹ́ rẹ̀, kí a sì dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Gílóòbù àtijọ́ tó ń jẹ 60 wáàtì, ooru ló ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣe; ti LED tó ń jẹ 9 wáàtì fún wa ní ìmọ́lẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ lílọ̀ àti oúnjẹ sísè nínú iyàrá kan náà tí a fẹ́ sùn pẹ̀lú, ooru la fi ń kún ooru.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí ẹni tó lè ṣí fèrèsé sùn n'Ìbàdàn, wọn kò sì parọ́. Olè ń bẹ, ẹ̀fọn ń bẹ, èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì lè pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun. Ṣùgbọ́n irin fèrèsé àti nẹ́ẹ̀tì tó mọ́ ń yanjú méjì àkọ́kọ́. Nẹ́ẹ̀tì tí eruku ti dí kò yàtọ̀ sí ògiri, ó sì yẹ ní fífọ̀ lẹ́yìn ọyẹ́. Ti jẹnẹrétọ̀ ni kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá yanjú; ó gba kí àwọn aráalé fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ibi tí wọn yóò máa gbé e sí àti àkókò tí wọn yóò máa pa á. Iyàrá tí a há ènìyàn púpọ̀ sí láìsí atẹ́gùn tún ní ewu mìíràn, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àrùn yínrùnyínrùn máa ń jà.

Ìdí pàtàkì tí nǹkan kò fi yí padà ni pé ẹni tó ń kọ́ ilé kọ́ ni ẹni tó ń san owó ooru. Onílé ló ń pinnu bóyá àjà yóò wà, òun ló ń yan fèrèsé, òun ló ń yan páànù. Ayálégbé ló ń ra yúníìtì. Gbogbo náírà tí onílé fi pamọ́ nígbà tó ń kọ́ ilé, ayálégbé yóò san án ní ìlọ́po ìlọ́po lọ́dọọdún. Ohun tí àwọn tó ń wá ilé ní Ṣàngó sì máa ń bèèrè kò ju omi, iná àti ilé ìwẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ń bèèrè àjà àti fèrèsé méjì pẹ̀lú, àwọn onílé yóò gbọ́, nítorí ẹni tó ní iyàrá láti fi háyà kò fẹ́ kó ṣófo. Àdéhùn tún ṣeé ṣe pé kí ayálégbé fi owó ara rẹ̀ ṣe àjà, kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó ilé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìjọba pàápàá kò lè yọ ọwọ́. Ní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà orílẹ̀-èdè jáde lórí bí ilé kò ṣe ní máa fi iná ṣòfò. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ láti ọdún 2003 pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú àti ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́. Ìwé tó wà ní Àbújá kò lè mú ilé kan tutù ní Ṣàngó, àfi bí àwọn tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé n'Ìbàdàn bá ń bèèrè pé níbo ni oòrùn yóò ti máa wọ̀ ọ́, níbo ni atẹ́gùn yóò sì gbà jáde. Ìbéèrè méjèèjì kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ilé tí wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lónìí ní Ìjòkòdó àti Àpẹ̀tẹ̀ yóò wà níbẹ̀ fún àádọ́ta ọdún, ooru inú àádọ́ta ọdún náà kò sì ní kéré sí ti òní. Ẹni tó bá ń fa okùn ìpìlẹ̀ lọ́wọ́, kó gbójú sókè wo ibi tí oòrùn ń gbà, kí bíríkìlà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.